Ìwé Dókítà Tí Wọ́n Gé Ọjọ́ Rẹ̀ Kúrò

Wọn yóò yẹgi fún mi. Adájọ́ ti sọ ọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì ti fọwọ́ sí i, kò sí ibi tí mo tún fẹ́ gbé e gbà mọ́. Ọjọ́ tí yóò jẹ́ nìkan ni n kò mọ̀. Wọn kì í sọ ọjọ́ fún wa níbí. Bí wọ́dà bá ti ń bọ̀ láàárọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo àwa tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún la máa ń dákẹ́, a ó máa fetí sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò dúró sí. Tó bá kọjá lọ, ẹnì kan á wúkọ́, ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

N kò kọ ìwé yìí kí ẹ lè ṣàánú mi. Ẹ fi àánú yín pamọ́ fún ẹni tí mo pa. Obìnrin tó fẹ́ gbà mí là ni mo pa, nínú yàrá wọn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí n wà níwájú dókítà. Bẹ́ẹ̀ n kò mutí rí láyé mi. N kò fa igbó rí. Ká ní ẹ rí mi ní Mile 12 nígbà yẹn, ẹ ó ní ọmọlúwàbí lèyí. Èmi náà ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi títí ọ̀rọ̀ fi bẹ́yìn yọ.

Àfáà tó ń wá bá wa kírun ní ọjọ́ Jímọ̀ ló fún mi ní bírò àti ìwé tí mò ń kọ ọ́ sí. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ bá àwọn ará ìta sọ. Mo ní ọ̀rọ̀ ìwé kékeré kan ni. Wọ́n rò pé ìwé àdúrà ni mò ń wí, inú wọn dùn, n kò sì já wọn kulẹ̀.

Alálùbọ́sà ni ìyá mi. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti ń tà á ní Mile 12. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi nìkan ni wọ́n bí, ìyá mi kò sì fẹ́ ọkọ mìíràn. Ọmọ Alálùbọ́sà ni gbogbo ọjà ń pè mí. Orúkọ náà tẹ́ mi lọ́rùn, òun náà ni kí ẹ̀yin máa pè mí. Nígbà tí mo dàgbà, mo kọ́ ọkọ̀ wíwà, mo sì ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan gbé àlùbọ́sà àti tòmátì lọ fún àwọn oníbàárà ní Kétu, ní Anthony, títí dé Ìkòròdú. N kì í jalè, n kì í ṣọ̀lẹ. Bí mo bá sọ fún ènìyàn pé aago méje ni mò ń bọ̀, aago méje ni yóò rí mi.

Lọ́jọ́ kan, bíréèkì já lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríìjì Kétu. Mo yà fún àwọn tó ń sọdá títì, mo sì lọ kọlu òpó iná. Ẹrù ẹ̀yìn ọkọ̀ ya wá síwájú, ó tẹ̀ mí mọ́ sítíárì, ìbàdí mi fọ́. Oṣù méjì ni mo fi wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Mo ké bí ọmọ ọwọ́ níbẹ̀, ojú kì í tì mí. Ìyá mi á jókòó síta wọ́ọ̀dù, wọ́n á fi gèlè di etí.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé, dókítà kọ ìwé oògùn fún mi. Kápúsù kan ni, oògùn ìrora. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, kí ẹnì kan má baà ti ara ìwé mi mọ ohun tí yóò lọ béèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà náà, ó wọ awò ojú. Ó fi bírò tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Mo ti kọ ọjọ́ sí i. Tó bá tán tí ara ṣì ń dùn ọ́, ọ̀dọ̀ mi ni kí o padà wá. Má lọ dá a rà."

Mo ní mo ti gbọ́, ẹ ṣé sà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìfẹ́ ìyá ṣe. Ìsọ̀ ìyá mi kì í gbẹ. Omi tòmátì tó ti rà, òjò, ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ àwọn alábàárù: ìwé kò lè gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ti ṣe pàtàkì sí wọn, káàdì ẹgbẹ́ alálùbọ́sà o, àwòrán bàbá mi o, ìwé ọjọ́ ìbí mi o, wọ́n á gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń ṣe láminéètì nítòsí ibùdókọ̀, yóò fi ọ̀rá líle bò ó. Wọn kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iyì ìwé. Wọ́n gbé ìwé dókítà náà lọ. Ìwé náà gùn ju ọ̀rá lọ. Oníláminéètì mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè gba inú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn ni ọjọ́ wà. Ìsàlẹ̀ yẹn náà ni ọ̀sẹ̀ méjì wà.

Ìyá mi gbé e délé, ó ń dán gbinrin. Wọ́n ní, "Gbà, kò lè bàjẹ́ mọ́ láéláé." Wọn kò sì parọ́.

Kápúsù náà ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ìrora ìbàdí mi rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló rọlẹ̀. Ẹ̀rù pé ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ fún mi, ìtìjú pé ìyá mi ń bọ́ mi bí mo ṣe tó yìí, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá báni sọ ẹrù orí ẹni, tó tún ní ká jókòó. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo ti lè rìn láìlo igi. Ìrora tó kù kò ju ohun tí ọkùnrin lè gbà mọ́ra. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Mo kàn ní kí n lo ẹyọ kan sí i, kí n fi gbádùn ọjọ́ yẹn. Ẹyọ kan péré. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ibẹ̀ ni mo ti ṣubú o. Ọjọ́ tí mo pànìyàn, ilẹ̀ ni mo kàn gúnlẹ̀ sí.

Kẹ́mísìtì kan wà ní Ìkòsí tí a ń pe ẹni tó ni ín ní Dókítà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe dókítà. Mo na ìwé mi sí i. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

Ó ní, "Ìwé yìí ò lọ́jọ́."

Mo ní, "Wọ́n gé e ni."

Ó wò mí lójú, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì na ọwọ́ sórí pẹpẹ. Láti ọjọ́ náà lọ, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́.

Ẹyọ kan di méjì, méjì di ohun tí n kò kà mọ́. Ara ń yún mi ṣáá. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin kí n tó ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ń tòògbé níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn nígbà tí mo bá rí i lò. Bí n kò bá rí i lò fún ọjọ́ kan, mo máa ń yán lemọ́lemọ́, imú mi á máa dà, màá máa ṣunú, òtútù á máa mú mi nínú oòrùn Mile 12, eegun ẹsẹ̀ mi á sì máa jẹ mí débi pé n kò ní lè na ẹsẹ̀, n kò ní lè ká a. Ìyá mi á ní àìsàn ìbàdí yẹn ló tún gbé dé. Wọ́n á fi ìsọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n á mú ìwé dídán náà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí Ìkòsí lọ rà á fún mi. Bí mo bá ti gbé e mì, ara mi á balẹ̀, ìyá mi á ní Alihamdulilaahi. Àìsàn tí oògùn náà fà ni a ń fi oògùn náà wò. Àwa méjèèjì, a kò mọ̀.

Tàbí kí n sọ pé ìyá mi kò mọ̀. Èmi, mo ti ń fura. Alábàárù kan wà lọ́jà tí òun náà ń jẹ irú kápúsù yẹn kó lè gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ó pàdé mi ní ẹnu ọ̀nà kẹ́mísìtì, ó gbá mi léjìká, ó ní, "Ọmọ Alálùbọ́sà, ọ̀kan náà ni wá." Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú. Mo ní òun ń jẹ oògùn olóró, èmi ń lo oògùn, mo sì ní ìwé. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu tan ara mi jẹ. Ẹni tó ń fa igbó, a mọ orúkọ tí à ń pè é. Èmi tí mò ń gbé kápúsù mì, tí mo ní ìwé nínú àpò, aláìsàn ni mo pe ara mi, aláìsàn ni ìyá mi sì pè mí. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni pé aláìsàn ni mí. Àìsàn tí a rò pé ó ń ṣe mí nìkan ni a ṣì.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. Mo sùn lórí sítíárì lẹ́ẹ̀mejì, ọlọ́kọ̀ ní òun kò bímọ kan tí òun fẹ́ kí n fi ọkọ̀ òun pa. Ìyá mi kò bá mi wí. Ìbàdí mi náà ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Wọ́n lọ bẹ oníbàárà wọn kan ní Mágodò pé kí wọ́n gbà mí ṣe dírébà.

Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Opó ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ wọn sì wà lókè òkun. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti ọmú wọn ti wọ inú eegun, àwọn dókítà sì ti sọ fún wọn pé ohun tó kù kò ju kí a máa pẹ̀rọ̀ sí ìrora wọn lọ. Mo ń wà wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ tí ara wọn kò bá gbé e, èmi nìkan ni mò ń lọ gba oògùn wọn bọ̀. Oògùn ìrora olómi ni, ìbátan kápúsù mi, nínú ìgò kékeré dúdú kan, ṣíbí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n mu.

Wọn kò fojú dírébà wò mí. Abọ́ tí wọ́n fi ń jẹun náà ni wọ́n fi ń bu tèmi. Kristẹni ni wọ́n, ṣùgbọ́n tí àsìkò ìrun bá tó, wọ́n á ní, "Ọmọ Alálùbọ́sà, lọ kírun ẹ, ọkọ̀ á dúró dè ọ́." Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo pa.

N kò rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ìgò náà. Irọ́ ni, mo rántí. Ọjọ́bọ̀ ni. Mo ti ilé ìwòsàn bọ̀, mi ò rí kápúsù lò láti àná rẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí sítíárì. Mo páàkì sẹ́yìn géètì ẹ́sítéètì, mo ṣí i, mo mu díẹ̀. Mo wá fi omi inú ọ̀rá kún un kó lè pé bó ṣe wà. Nígbà tí mo gbé e fún Mọ́mì, wọ́n ní kí Ọlọ́run bá mi ṣe é.

Láàárín oṣù kan, Mọ́mì ń kérora lọ́sàn-án. Wọ́n á ní oògùn yìí kò ràn wọ́n mọ́. Ilé ìwòsàn ní kí wọ́n fi kún iye ṣíbí. Bí wọ́n ṣe ń fi kún un ni èmi náà ń fi kún èyí tí mò ń bù. Wọ́n á pè mí kí n wá bá wọn yí ẹ̀gbẹ́ padà, omi á máa bọ́ lójú wọn, wọn kò ní pariwo. Ọwọ́ tí mo fi ń yí wọn, oògùn wọn ni kò jẹ́ kó gbọ̀n. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tún padà sídìí ìgò. Ẹ má bi mí bí ènìyàn ṣe lè ṣe é. Mo ṣe é.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ti ìrun dé, wọ́n ní kí n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn. Wọ́n wo ojú mi pẹ́.

Wọ́n ní, "Ọmọ ojú rẹ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. O ń họ ara. Lọ́jọ́ mìíràn, o ń yán, imú rẹ ń dà, láìsí òjò láìsí ọyẹ́. Ọmọ Alálùbọ́sà, mo ti ṣe nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó bí ọ. Kí lò ń lò?"

Mo yọ ìwé mi nínú àpò. Mo ní oògùn ìbàdí mi ni, dókítà ló kọ ọ́, kí wọ́n wo ìwé rẹ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí sísọ́ọ̀sì ti kọjá.

Wọ́n ní, "Ọjọ́ ẹ̀ dà?"

Mo na ọwọ́ kí n gbà á padà.

Wọ́n ní, "Mo sì mọ̀ pé ò ń bu omi sí tèmi."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sunkún. Mo rò pé ọlọ́pàá ni wọ́n fẹ́ pè. Wọ́n ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Wọ́n ní oògùn ti di bárakú sí mi lára, ó sì ní irú dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo gbé wá sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n yìí. Wọ́n ní, "Àìsàn la lè wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe. Èmi ti di ọlọ́jọ́. Ìwọ, àìsàn ló ń ṣe ọ́."

Wọ́n fóònù ojúgbà wọn kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Yábàá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti bá mi gba káàdì. Orúkọ mi wà lára rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mọ́mì fi ìka tọ́ka sí ọjọ́ náà, wọ́n ní ìwé tèmi kò lọ́jọ́, èyí lọ́jọ́. Wọ́n ní kí n má fúnra mi dá a dúró lójijì o, àwọn dókítà ni yóò máa dín in kù fún mi díẹ̀díẹ̀, wọn yóò sì fún mi ní ohun tí kò ní jẹ́ kí ara ni mí ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn á bá mi lọ. Ìgò tuntun tó dé lọ́sẹ̀ náà, wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Èmi, Yábàá nìkan ni mo gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, ilé wèrè?"

Wọ́n ní, "Ilé ìwòsàn ni. Àwọn bíi tìẹ pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń jáde."

Mo gbé káàdì náà dé ìsọ̀ ìyá mi. Bí mo ṣe dárúkọ Yábàá, wọ́n ju ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ìdí àlùbọ́sà sílẹ̀. Wọ́n ní ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún mi fẹ́? Wọ́n ní, "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí àwọn àgbà sọ ni? Bí a bá wo wèrè san, kò ní ṣàì ku èyí tí yóò fi máa dẹ́rù ba ọmọdé. Ọmọ mi kì í ṣe wèrè. Oògùn dókítà ló ń lò." Wọ́n gba ìwé dídán náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìdí ìró nu ún, wọ́n sì dá a padà fún mi.

N kò di ẹ̀bi ru ìyá mi. Mo ti ń wá ẹni tí yóò sọ fún mi pé kí n má lọ, wọ́n kàn bá mi sọ ọ́ ni. Bí mo bá fẹ́ lọ ní tòótọ́, ta ni ìbá dá mi dúró? Mo tó ọgbọ̀n ọdún nígbà náà.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ káàdì, àwọn aláṣẹ wá ti kẹ́mísìtì Ìkòsí pa. Ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ mi tán lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun fi máa mọ́, ẹran ara mi ń gbọ̀n lára eegun. Mo wọṣọ, mo lọ sí Mágodò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé nítorí Yábàá ni mo ṣe lọ. Ìgò ni mo bá lọ.

Mọ́mì ti múra. Wọn kì í lè jókòó pẹ́ mọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó létí ibùsùn, wọ́n de ìborí, báàgì wọn wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìgò dúdú náà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi áńkáṣíìfù wé e. Ojú mi kò kúrò lára rẹ̀.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣíbí kan péré, kí ọwọ́ mi lè di sítíárì mú."

Wọ́n ní, "Rárá. Ibi tí à ń lọ ni wọ́n á ti fún ọ ní èyí tó yẹ ọ́. O ò ní wà ọkọ̀ lónìí, mo ti ní kí mégáádì lọ bá wa pe takisí." Wọ́n ti ro gbogbo rẹ̀ tán fún mi, àwọn tí ikú ń dúró dè.

Mo na ọwọ́ sí ìgò. Wọ́n dì í mú. Mo fà á. Wọ́n ní, "Omi ni, ọmọ mi. Omi ni." Mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Mo ní màá bu omi fún yín, ẹ kọ́kọ́ fún mi ní èyí ná. Wọ́n figbe pe mégáádì. Mo mú ìrọ̀rí. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju kí wọ́n dákẹ́ lọ. Ọwọ́ wọn ń gbá mi lápá, kò wúwo ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Nígbà tó yá, kò gbá mi mọ́.

Adájọ́ kò bi mí léèrè ohun tí mo ṣe tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ fún yín. N kò wo ojú wọn. Ìgò ni mo kọ́kọ́ wò. Mo ṣí i, mo dà á sọ́nà ọ̀fun, mo sì dúró kó mú mi.

Omi ni.

Ìgò àtijọ́ ni, èyí tí èmi fúnra mi ti bù títí tí mo sì fi omi dí. Tuntun wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n fẹ́ mú èyí dání lọ fi han dókítà, kó lè mọ bí àìsàn mi ṣe le tó. Ohun tí wọ́n ń sọ fún mi nìyẹn. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Èmi da omi sínú ìgò ẹni tó ń kú lọ, ẹ wo ilẹ̀ tí mo wá tẹ̀.

Mégáádì mú takisí dé, ó bá mi lórí ìjókòó, imú mi ń dà, mò ń gbọ̀n, mò ń bẹ Mọ́mì pé kí wọ́n jí kí a máa lọ. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n yẹ àpò mi wò. Nǹkan méjì ni wọ́n kó sórí tábìlì: ìwé dídán tí kò lọ́jọ́, àti káàdì tó lọ́jọ́. Aago ara ògiri wọn ti lé ní mẹ́sàn-án díẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi jẹ̀rora lórí ilẹ̀ sẹ́ẹ̀lì. Kò sí dókítà, kò sí ohun tó dín in kù. Mo bì, mo yàgbẹ́ sára, mo bẹ Ọlọ́run kó mú mi lọ. Lọ́jọ́ keje, mo jí, ebi ń pa mí. Ara mi ti balẹ̀, láìsí kápúsù. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún Mọ́mì. Ohun tí mo rò pé n kò lè là kọjá láéláé, ọ̀sẹ̀ kan ni iná rẹ̀ fi jó, nínú ìdọ̀tí. Níwájú àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, Mọ́mì ì bá sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè mí. Dókítà tó ń wá sí ọgbà ẹ̀wọ̀n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọ̀sẹ̀ yẹn kọ́ ni òpin rẹ̀, ọkàn ń béèrè rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Òótọ́ ni. Títí di òní, bí nǹkan bá dùn mí, kápúsù yẹn ni ọkàn mi kọ́kọ́ máa ń dárúkọ.

Ní kóòtù, ìyá mi dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè wọ́n. Wọ́n ti lọ bẹ ọlọ́pàá títí wọ́n fi dá ìwé dídán náà padà fún wọn. Wọ́n nà án sókè, wọ́n ní, "Olúwa mi, ẹ wò ó, oògùn dókítà ni ọmọ mi ń lò." Adájọ́ ní kí wọ́n gbé e wá. Adájọ́ wò ó, ó yí i padà, ó béèrè ọjọ́ ara rẹ̀. Ìyá mi kò mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Wọ́n ń wò mí kí n bá wọn dáhùn.

Wọ́n ṣì máa ń wá wò mí. Àlùbọ́sà ṣì ń rùn lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n wá gbẹ̀yìn, wọ́n ní ọmọ aládùúgbò kan ń yán, imú rẹ̀ ń dà, ó ní oògùn orúnkún òun ló tán. Wọ́n ní àwọn di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ sí Yábàá fúnra àwọn. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń jẹ́jọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní "èmi kọ́", ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Bí dókítà bá kọ oògùn fún yín, ẹ lò ó bó ṣe wí, kí ẹ sì dúró níbi tó ní kí ẹ dúró. Bó bá jẹ́ pé oògùn náà lẹ ń rò kí ẹ tó rántí ìrora, bí iye rẹ̀ ń gòkè, bí ẹ ń parọ́ nítorí rẹ̀, bí ara yín ń gbọ̀n lọ́jọ́ tí ẹ kò rí i, ẹ má pe ara yín ní orúkọ mìíràn. Ẹ wá ẹnì kan sọ fún kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu ayé dá yín dúró. Bí wọ́n bá pè yín ní wèrè tó ti san, ẹ ó wà láàyè láti gbọ́ ọ.

Káàdì mi wà níbì kan láàárín ìwé ẹjọ́, orúkọ mi ṣì wà lára rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n dá fún mi láyé pé kí n wá yè, n kò lọ. Àìsàn ló ń ṣe mí nígbà náà, ó ṣe é wò. Wọ́dà ti ń bọ̀, mo ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo wá di ọlọ́jọ́.